Bẹ́ ẹ ṣe máa wọn okun ara àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìdójú ti ọmọ kankan

Ẹ̀yin tíṣà PE, ẹ̀yin kóòṣì, àtẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ mọ bí ara ọmọ yín ṣe le tó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á kó gbogbo kíláàsì dà sórí pápá, wọ́n á fọn fèrè, ó yá ẹ sáré, ẹni tó ṣáájú gba àtẹ́wọ́, ẹni tó gbẹ̀yìn gba yẹ̀yẹ́, wọ́n á wá kọ ọ́ síwèé pé àwọn ti wọn okun ara àwọn ọmọ. Eré ìje nìyẹn o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n lóòótọ́, ẹ máa mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lónìí, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, ẹ sì máa tún wọ̀n ọ́n lọ́nà kan náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan kẹ́ ẹ lè rí i bóyá ó ti kúrò níbi tó wà. Ọmọ náà lẹ fi ń wé ara ẹ̀. Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ọmọ tí ojú bá tì lórí pápá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó lè kórìíra eré ìdárayá títí tó fi máa dàgbà, wàhálà tẹ́ ẹ ṣe ò wá já mọ́ nǹkan kan nìyẹn.

Kí la fẹ́ wọ̀n gan-an?

Okun ara kì í ṣe nǹkan ẹyọ kan. Ẹ máa rí ọmọ tó lè sáré yíká pápá láìsinmi, àmọ́ tó bá ní kóun bẹ̀rẹ̀ kóun fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀, orúnkún lọwọ́ ẹ̀ máa mọ. Ẹ máa rí òmíràn tí ara ẹ̀ rọ̀ dáadáa àmọ́ tó jẹ́ pé tó bá sáré díẹ̀ báyìí, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Torí ẹ̀ làwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe pín in sí ọ̀nà mélòó kan: bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe lè fara da iṣẹ́ tó pẹ́, agbára iṣan, bí ara ṣe rọ̀ sí, bí ọmọ ṣe ń yára tó sì ń tètè yí padà, àti ìwọ̀n ara ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ga tó àti bó ṣe wúwo tó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún 1954, àwọn olùwádìí fi ìdánwò kan tó ń jẹ́ Kraus-Weber, tí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ, wo àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àtàwọn ọmọ Yúróòpù. Ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n kùnà, àwọn ọmọ Yúróòpù tó kùnà ò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ààrẹ Eisenhower, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí okun ara àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 1956. Lẹ́yìn ìyẹn ni oríṣiríṣi ìdánwò wá ń jáde, FitnessGram láti Cooper Institute ní Texas lọ́dún 1982, Eurofit láti Council of Europe lọ́dún 1988. Ohun tó wù mí nínú FitnessGram ni pé kì í bi ọmọ pé ipò kelòó lo wà, ohun tó ń wò ni bóyá ibi tí ọmọ náà dé tó fún ìlera ẹ̀. Inú àwọn ìdánwò yìí ni mo ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé, torí wọn ò gba owó ńlá, wọn ò sì gba ẹ̀rọ rẹpẹtẹ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìlera ọmọ

Ẹ kọ ìwé sáwọn òbí ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é gan-an. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ gbàṣẹ, kẹ́ ẹ sì béèrè àwọn nǹkan yìí: ṣé ọmọ náà ní asthma, ṣé ó ní sickle cell, ṣé ọkàn ẹ̀ ní ìṣòro kankan, ṣé wárápá ń mú un, ṣé ó ṣẹ́ eegun láìpẹ́ yìí, ṣé ara ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá látinú ibà. Ọmọ tó bá ti dákú rí níbi tó ti ń sáré, tàbí tó máa ń sọ pé àyà ń dun òun tóun bá sáré, kò gbọ́dọ̀ sáré kankan níbí títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré rárá.

Ọmọ tó ní asthma lè kópa tí dókítà bá gbà, àmọ́ ẹ rí i pé oògùn tó ń fà sínú wà lórí pápá níbi tọ́wọ́ ti lè tètè tó o, kó má ṣe wà nínú báàgì tó wà ní kíláàsì. Ọmọ tó ní sickle cell ò gbọ́dọ̀ sáré débi tó ti máa rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ẹ tẹ̀ lé ohun tí dókítà ẹ̀ bá sọ, kẹ́ ẹ fún un lómi àti ìsinmi dáadáa. Àwọn ọmọ tí wọn ò ní lè sáré ṣì lè ṣe èyí tó rọrùn níbẹ̀, irú bíi kí wọ́n jókòó nawọ́, kí wọ́n má kàn jókòó sábẹ́ igi kí wọ́n máa wòran àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ to nǹkan yín sílẹ̀

Tépù tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀, ṣọ́ọ̀kì, kóónù tàbí ike omi tẹ́ ẹ rọ yẹ̀pẹ̀ sí, fóònù tó ní aago tó ń ka sẹ́kọ́ńdì, ẹ̀rọ ìwọ̀n, máàtì, ìwé líle, pátákó fẹ́ẹ́rẹ́, àti àpótí kan tó le dáadáa tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Kò ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má yọ̀, kó má sì ní òkúta. Ẹ yan àárọ̀ nígbà tí oòrùn ò tíì mú, kí ọmọ má ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, kí omi wà nílẹ̀, kí oníkálukú wọ bàtà tó ṣeé sáré.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́ wọn kẹ́ ẹ tó wọ̀n wọ́n

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fò ó, ìyẹn ló sì ń ba ìṣirò jẹ́. Ọmọ tó kọ́kọ́ fẹ́ fò láti ojú kan kò mọ bó ṣe máa ju apá ẹ̀, kò mọ̀ pé ó yẹ kóun tẹ orúnkún ba, ó kàn máa fò ni. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ wá tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó dájú pé ó máa fò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa wá rò pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ti lágbára sí i nígbà tó jẹ́ pé ọgbọ́n fífò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Torí náà ẹ fi kíláàsì kan tàbí méjì kọ́ wọn gbogbo ohun tí wọ́n máa ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Ẹ̀rù á ti kúrò lára wọn kó tó di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ̀n wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 4: Gíga àti ìwúwo, ní kọ̀rọ̀

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa pè wọ́n wọlé, níbi tí ọmọ míì ò ti lè rí i tàbí gbọ́ ọ. Ẹ má pariwo nọ́ńbà, ẹ má sọ pé "háà, ìwọ yìí wúwo o", ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kójú yín yí padà, torí àwọn ọmọ ń wo ojú wa ju bá a ṣe rò lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń wọn gíga, kó bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kó máa wo iwájú gan-an, kó má gbágbọ̀n sókè. Ẹ gbé ìwé líle kan tó ní igun lé orí ẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ tẹ irun ẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ fàlà síbi tí ìsàlẹ̀ ìwé náà wà, kẹ́ ẹ wá fi tépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ọmọ tó bá dirun sókè, ẹ wá ibi tí irun ti pín kẹ́ ẹ gbé ìwé síbẹ̀, tí kò bá ṣeé ṣe ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé irun wà níbẹ̀. Ìwúwo ní tiẹ̀ rọrùn: láìwọ bàtà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ìwọ̀n lórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ BMI ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí ọmọ ṣe wúwo wé bó ṣe ga, ẹ kọ kílò ọmọ náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi gíga ẹ̀ ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wúwo tó kílò 30 tó sì ga ní mítà 1.30, BMI ẹ̀ máa jẹ́ nǹkan bíi 17.8. Ẹ tẹ́tí sí mi níbí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fi òdiwọ̀n àgbàlagbà wò ó, ìyẹn èyí tó ní kéèyàn wà láàárín 18.5 sí 25, ẹ máa ní ọmọ yìí ti rù jù, ẹ máa lọ kó àwọn òbí ẹ̀ láyà sókè lásán. Irọ́ ni, fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sí wàhálà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ní àtẹ tiwọn, WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé é jáde lọ́dún 2007 fún ọmọ ọdún 5 sí 19, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ló sì ní òdiwọ̀n tiẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ lò. BMI ò sì lè sọ fún yín bóyá ọmọ lókun tàbí kò lókun, ọmọ tó sanra díẹ̀ lè ní agbára ẹsẹ̀ ju gbogbo kíláàsì lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mú ara wọn gbóná, kẹ́ ẹ tò ó bó ṣe yẹ

Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá: kí wọ́n rìn, kí wọ́n sá sùúrùsùúrù, kí wọ́n ju apá, kí wọ́n fò díẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tí kì í rẹni ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Jókòó-nawọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kó kan fífò, kó kan eré kúkúrú, kó kan ti ikùn, kẹ́ ẹ wá fi eré gígùn kẹ́yìn, tó bá sì ṣeé ṣe ẹ fi eré gígùn yẹn sọ́jọ́ míì pátápátá. Ọmọ tó ti sáré títí tó fi rẹ̀ ẹ́, kò lè fò bó ṣe lè fò mọ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe tò ó lákọ̀ọ́kọ́ náà ni kẹ́ ẹ máa tò ó títí láé.

Ìgbésẹ̀ 6: Jókòó-nawọ́

Ẹ gbé àpótí yẹn ti ògiri kó má lè sún, kẹ́ ẹ lẹ tépù mọ́ orí ẹ̀. Ọmọ á bọ́ bàtà, á jókòó sílẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, àtẹ́lẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àpótí. Á gbé ọwọ́ kan lé èkejì, á wá máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ lórí àpótí náà, á dúró bíi sẹ́kọ́ńdì méjì níbi tọ́wọ́ ẹ̀ bá dé, ibẹ̀ lẹ máa kà. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú èyí tó dáa jù.

Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kójú yín wà ní ọ̀gangan orúnkún ẹ̀. Bọ́wọ́ bá ti ń sún mọ́ ibi tó le, ẹ máa rí i tí orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sókè díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà gan-an lè má mọ̀, ìka á sì dédé lọ síwájú bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ má kà á. Ẹ rọra sọ fún un pé kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tún un ṣe. Kò gbọ́dọ̀ máa fì síwájú fì sẹ́yìn kọ́wọ́ ẹ̀ lè já síwájú, iṣan ẹ̀yìn itan lè fà.

Ohun tó ń dàrú jù níbí ni ibi tí òǹkà ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí Eurofit fi 15 síbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ wà, FitnessGram fi bíi 23, àwọn míì fi òdo. Ọmọ kan náà lè wá gba 20 lórí àpótí kan kó gba 5 lórí òmíràn láìjẹ́ pé ara ẹ̀ yí padà rárá. Ẹ kọ ibi tí tiyín ti bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé, lókè, níbi tójú ti máa rí i. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń yára gùn ju apá lọ, ohun tó ń gbà níbí lè lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kì í ṣe àìsàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Fífò láti ojú kan

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà kan, ẹ na tépù sílẹ̀ látibi ìlà náà kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má máa sún kiri. Ìka ẹsẹ̀ ọmọ á wà lẹ́yìn ìlà, á tẹ orúnkún, á ju apá sẹ́yìn, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì balẹ̀. Gìgísẹ̀ tó bá sún mọ́ ìlà jù lẹ máa wọ̀n, kì í ṣe ìka ẹsẹ̀ o. Tó bá fọwọ́ tì sẹ́yìn tàbí tó ṣubú, kó tún fò. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ mú èyí tó gùn jù. Iṣan ẹsẹ̀ lèyí ń wò, ó sì máa ń sọ òótọ́ nípa agbára ara ọmọ lápapọ̀ ju béèyàn ṣe rò lọ. Tó bá jẹ́ orí sìmẹ́ǹtì lẹ ti ṣe é nígbà àkọ́kọ́, ẹ má lọ ṣe èkejì lórí koríko.

Ìgbésẹ̀ 8: Eré kúkúrú alálọ-bọ̀

Ìlà méjì, mítà 10 láàárín wọn. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, mítà 40 nìyẹn. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ìlà kó tó yí padà. Ẹnì kan náà ni kó máa di aago mú fún gbogbo wọn, torí ọwọ́ oníkálukú ló ní bó ṣe ń yá sí. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kó sinmi dáadáa láàárín, kẹ́ ẹ mú èyí tó yá jù.

Ìgbésẹ̀ 9: Agbára ikùn

Àwọn kan máa ń ní kí ọmọ dùbúlẹ̀ kó máa dìde jókòó kíákíá fún sẹ́kọ́ńdì 30 kí wọ́n máa kà. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ fáwọn ọmọ kéékèèké, torí ìwàǹwára ló ń di, wọ́n á fọwọ́ di ẹ̀yìn ọrùn mú, ọrùn ni wọ́n á máa fà dípò ikùn. Ọ̀nà FitnessGram ni mo gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ lò: ọmọ á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí máàtì, á tẹ orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á rọra gbé orí àti èjìká sókè títí ìka ọwọ́ á fi gba orí pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá, á sì padà sílẹ̀. Fún ọmọ ọdún 5 sí 9, fífẹ̀ pátákó yẹn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 7.6, fáwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ó jẹ́ bíi 11.4. Ẹyọ kan ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ máa fi ẹnu ka á tàbí kẹ́ ẹ máa pàtẹ́wọ́. Ó dúró nígbà tí ò bá lè bá ìlù yẹn lọ mọ́, tó bá sì dé 75, ó tó, kó dìde.

Ìgbésẹ̀ 10: Eré lọ-bọ̀ mítà 20

Èyí gan-an ló ń sọ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣe rí, òun ló sì tún ń dójú ti ọmọ jù tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Luc Léger ní Kánádà ló ṣe é jáde láwọn ọdún 1980, ó sì ti tàn káyé. Ìlà méjì, mítà 20 láàárín wọn, ohùn "bíìpù" á máa dún láti inú fóònù tàbí sípíkà, ọmọ gbọ́dọ̀ ti dé ìlà kejì kó tó dún. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n kìlómítà 8.5 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ni pé ó ní bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ àtààbọ̀ láti dé òdì kejì, tó jẹ́ eré sùúrù tí gbogbo ọmọ lè sá. Tó bá ti di ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, á fi ìdajì kìlómítà yára sí i. Nígbà tó bá fi máa wọ ìṣẹ́jú karùn-ún, sẹ́kọ́ńdì méje ò pé mọ́.

Oríṣiríṣi ohùn ló wà níta o. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti 8.0, èyí tí FitnessGram ń pè ní PACER sì tún ní ti mítà 15 fún ibi tí kò láyè. Ẹ mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ dúró tì í, ẹ má fi ohùn mítà 20 sá ilẹ̀ mítà 15 láéláé. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi tépù wọn ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ rìn lọ sí ìlà méjèèjì kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ohùn náà ń dé ibẹ̀.

Ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló tó lẹ́ẹ̀kan náà, kí àlàfo bíi mítà kan wà láàárín wọn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń bá a kà á, kí ẹni náà máa fàlà sórí ìwé tó bá ti dé ìlà. Fáwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tíì ju mẹ́jọ lọ, kí àgbàlagbà kan bá wọn sá a, kó ṣáájú díẹ̀, torí ìwọ̀n eré tó yẹ ò tíì yé wọn, ohùn àkọ́kọ́ bá ti dún wọ́n á fò fẹ̀rẹ̀, ó máa wá rẹ̀ wọ́n kó tó di ìṣẹ́jú kejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sísàlẹ̀, FitnessGram gan-an ò fi òdiwọ̀n kankan lé e lórí nínú eléyìí, wọ́n ní kó kópa, kó mọ̀ ọ́n sá, ó tán. Ẹ jẹ́ káwa náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ló máa dúró? Tí kò bá bá ohùn náà dé ìlà lẹ́ẹ̀kan, kó yí padà níbi tó bá wà kó máa bá a lọ, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì ó ti parí. Nínú òfin Léger, ẹ̀ẹ̀mejì tó tẹ̀ léra ni, nínú PACER ẹ̀ẹ̀mejì lápapọ̀ ni kódà tí kò tẹ̀ léra. Ẹ mú ọ̀kan.

Wàyí o, ohun tó ká mi lára jù. Ọmọ tó kọ́kọ́ dúró, tẹ́ ẹ bá ní kó lọ jókòó, gbogbo ojú á máa wò ó. Ẹ fàlà ọ̀nà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹni tó bá ti parí á bọ́ síbẹ̀ á máa rìn lọ rìn bọ̀ títí gbogbo wọn á fi parí, kò sẹ́ni tó máa jókòó, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó kọ́kọ́ jáde dáadáa, ó sì tún dáa fára wọn, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tó wá dédé dúró tàbí jókòó, òòyì lè kọ́ ọ. Ẹ tún lè to àwọn ọmọ tí eré wọn jọra pọ̀. Ẹ má fi àwọn ọmọ tó yára mẹ́fà àti ọmọ kan tí kò yára ṣe ẹgbẹ́ kan.

Ojú yín ò gbọ́dọ̀ kúrò lára wọn. Ètè tó funfun, mímí tó ń súfèé, ọmọ tó di àyà mú, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó sọ pé orí ń fọ́ òun tàbí èébì ń gbé òun, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ fún un pé "ó kù díẹ̀". Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ka bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, ẹ kà á fún sẹ́kọ́ńdì 15 kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkàn ọmọdé ń yára ju tàgbà lọ, lẹ́yìn irú eré báyìí ó lè lù tó ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má jáyà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni pé ó ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń rìn tó sì ń sinmi.

Ìgbésẹ̀ 11: Kíkọ sílẹ̀

Ẹ ṣe káàdì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọkùnrin tàbí obìnrin, déètì, aago mélòó, irú ilẹ̀, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, bàtà tó wọ̀, ta ló wọ̀n ọ́n, kó tó wá kan nọ́ńbà. Ó lè dà bíi pé ó ti pọ̀ jù, àmọ́ láìsí àwọn nǹkan yìí nọ́ńbà yẹn ò ní ìtumọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ ìbí ṣe pàtàkì torí pé nínú kíláàsì kan náà, ọmọ kan lè fi nǹkan bí ọdún kan ju ẹnì kejì lọ. Fọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìdá mẹ́fà gbogbo ọjọ́ tó ti lò láyé nìyẹn, kò sí bí wọ́n ṣe lè fò dọ́gba. Tí wọ́n bá sì ti ń dé kíláàsì tó kẹ́yìn, àwọn obìnrin kan ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà láti ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́tàlá, àwọn ọkùnrin láti mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, torí náà kì í ṣe ohun ìyanu kí ọmọbìnrin kan máa sá ju gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ.

Ẹ tọ́jú àwọn káàdì náà sínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì, ẹ má gbé e sórí gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí, ẹ má fi ṣe máàkì ìdánwò PE.

Ìgbésẹ̀ 12: Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ àti òbí

Ọmọ á wá bá yín, á ní, "Tíṣà, ṣé èmi ni mo gbẹ̀yìn?" Ẹ má parọ́ fún un, ẹ má sì dáhùn ìbéèrè yẹn bó ṣe bi í. Ẹ mú káàdì ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ jẹ́ kó rí i: "Wò ó, nígbà tá a kọ́kọ́ ṣe eré lọ-bọ̀, o lọ ìgbà 14. Lónìí, o lọ 19. Kí lo rò pé o ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀?" Ẹ jẹ́ kó ronú kó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Tí kò bá tíì sí nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún un pé ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, kẹ́ ẹ jọ mú ohun kan tó fẹ́ kó sàn sí i, ẹyọ kan péré.

Fún òbí, ẹ fi ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe ṣáájú. "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ara ọmọ yín rọ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ ẹ̀ lágbára, eré tó gùn la fẹ́ kó máa ṣe sí i." Kẹ́ ẹ wá sọ ohun tí WHO sọ, pé ọmọ ọdún 5 sí 17 ní láti máa lo ara ẹ̀ dáadáa fún ó kéré tán bíi ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́, kó sì fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń fún iṣan àti eegun lágbára, irú bíi fífò àti gígun nǹkan. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà, eré lẹ́yìn súkúù, rírìn lọ sílé, ijó, gbogbo ẹ̀ ló wọlé. Tí nǹkan kan bá sì wà tó ń kọ yín lóminú, bí ọmọ tó ń mí bákan ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Kì í ṣe ipò yín láti sọ irú àìsàn tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 13: Ẹ tún un wọ̀n

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ti tó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Orílẹ̀-èdè Slovenia ti ń wọn àwọn ọmọ súkúù wọn káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dọọdún láti 1987, ètò tí wọ́n ń pè ní SLOfit, ìdí tó sì fi wúlò fún wọn ni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣe é lọ́dọọdún.

Tí nọ́ńbà ọmọ bá wá lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Ẹ wo káàdì ná. Ṣé bàtà kan náà ló wọ̀? Ṣé oòrùn ò mú jù tìgbà yẹn lọ? Ṣé ilẹ̀ kan náà ni, ṣé ẹni kan náà ló di aago mú? Ṣé ọmọ náà ṣàìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé ó sùn dáadáa lálẹ́ àná, ṣé ó ga sókè lójijì? Ẹ bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kẹ́ ẹ fún un láyè láti ṣe èyí tó lọ sílẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní àárọ̀, ní aago kan náà, kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan sórí káàdì.